Bí a ṣe ń ka Commerce àti Accounting ní ilé ìwé girama: láti ọjà dé gbọ̀ngàn ìdánwò

Ní Iléṣà níbí, tí a bá ti pín àwọn ọmọ sí kíláàsì ní SS1, mo máa ń mọ àwọn tí wọ́n fi túláàsì gbé wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á fajú ro, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn nílé pé ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé, Sáyẹ́ǹsì ló ń lọ. Commerce àti Accounting ni mò ń kọ́ wọn. Ó ń dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde lẹ́nu òbí ní ìlú tí òwò sọ di olókìkí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń bá ìyá rẹ̀ gba owó àwìn kiri ọjà Àtàkúnmọ́sà. Ó mọ ẹni tó ń san án déédéé, ó mọ ẹni tó ń sá pamọ́. Nígbà tí mo béèrè nínú ìdánwò pé kí ni "credit sale", ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé wà níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò tíì fojú kan ara wọn. Bí o ṣe máa mú wọn pàdé ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Ní JSS, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti sè é, wọ́n ń pè é ní Business Studies. Tí o bá dé SS, ó di mẹ́ta. Commerce ń béèrè pé: báwo ni ọjà ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó? Accounting ń béèrè pé: owó tó ń wọlé tó ń jáde ńkọ́, báwo ni a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀? Economics ń béèrè pé: nígbà tí ohun tí a ní kò tó ohun tí a fẹ́, kí ló dé tí a fi mú tibí, tí a fi tọ̀hún sílẹ̀? Kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn ìwé rẹ. Nígbà tí orí kan bá dàrú mọ́ ọ lójú, wò ó bóyá ìbéèrè wo ló ń dáhùn.

Ẹsẹ̀ méjì ni Commerce fúnra rẹ̀ ní: ọjà títà àti rírà, pẹ̀lú àwọn ohun tó ń ran ọjà lọ́wọ́, ìyẹn báǹkì, adójútòfò, ìrìnnà, ilé ìkẹ́rùsí, ìpolówó àti ìbánisọ̀rọ̀. Má há mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí. Lọ dúró ní Ẹrẹ́jà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn, iṣẹ́ báǹkì ló ń ṣe. Ọkọ̀ tó ń pe èrò Òṣogbo, ìrìnnà nìyẹn. Ìwé tí dírẹ́bà kó pamọ́ sínú ọkọ̀ de ọlọ́pàá, ti adójútòfò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fi gbohùngbohùn ń ta agbo, ìpolówó ló ń ṣe. Tí o bá padà délé, wàá lè ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìṣí ìwé.

Yan ọjà kan, kí o tẹ̀ lé e

Ọjà kan ṣoṣo o. Kókó ni mo máa ń yàn fún àwọn ọmọ mi, nítorí oko kókó kò jìnnà sí wa. Àgbẹ̀ á tà á fún ẹni tó gbé òṣùwọ̀n wá sí abúlé, ẹni yẹn á kó o wá sí ilé ìkẹ́rùsí ọ̀gá rẹ̀ nígboro, ọ̀gá á tà á fún àwọn tó ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Títí di 1986, àjọ ìjọba ló ń dá iye owó kókó. Òun ni ìwé rẹ ń pè ní "marketing board", ọdún yẹn sì ni ìjọba pa á rẹ́. Tí àgbẹ̀ àgbà kan bá wà nínú ẹbí yín, bi í bí ọjà ṣe rí ṣáájú ọdún náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó bá sọ á dúró sí ọ lọ́kàn ju ojú ìwé mẹ́ta lọ.

Orí alágbàtà ni èmi àti àwọn ọmọ ti máa ń fa ọ̀rọ̀ jù. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí: alágbàtà tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Nítorí náà, tí ìdánwò bá béèrè bóyá kí a yọ alágbàtà kúrò láàárín, wọ́n á kọ pé kí a yọ ọ́, máàkì á sì lọ. Lọ fojú ara rẹ wò ó ná. Ta ló sanwó ọkọ̀ láti abúlé? Ta ló yá àgbẹ̀ lówó nígbà tí kókó kò tíì pọ́n? Ta ló tún un sá nígbà tí òjò pa á? Bí o bá yọ ẹni náà kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó ń rà ló máa ṣe é, owó rẹ̀ á sì wọ inú ọjà náà ni. Kọ èyí, kí o wá fi kún un pé tí alágbàtà bá pọ̀ jù láàárín, tàbí tí wọ́n bá ń kó ọjà pamọ́ kó lè wọ́n, nígbà náà ni òwe yẹn bá a mu.

Bí o bá ń lọ sí ọjà, má lọ ní àárọ̀ tí ọwọ́ wọn dí. Jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n, kí ọjà rọ̀ díẹ̀. Kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, mà, ajé á wọgbá." Ra nǹkan kékeré lọ́wọ́ wọn. Sọ ilé ìwé rẹ àti ohun tí o wá ṣe. Má bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tó ń jẹ lérè. Bi wọ́n bí ọjà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn fúnra wọn á sọ èyí tó kù.

Ìwé olójú mẹ́ta

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, nítorí náà o gbọ́dọ̀ gbé ohun tí o rí lọ́jà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Fa ìlà méjì sí ojú ìwé kó di mẹ́ta: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá bí ìyá rẹ ṣe máa sọ ọ́, àti ohun tí o fojú rí. Capital: ojú owó. Profit: èrè. Wholesaler: ẹni tó ń tà lápò lápò fún àwọn tó máa tún un tà. Drawings: gaàrí tí ìyá mi bù nínú ìsọ̀ wá sí ilé ìdáná. Ọmọ tó kọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò gbàgbé drawings mọ́ títí ó fi jáde.

Ṣọ́ra fún debtor àti creditor. Èdè wa ń fi gbèsè kan náà sọ méjèèjì: "mo jẹ gbèsè", "mo ní gbèsè níta". Ibi tí owó ń lọ ni kí o máa wò. Ẹni tó máa mú owó wá fún wa ni debtor. Ẹni tí a máa mú owó lọ fún ni creditor.

Tí o bá dé orí owó, fi owó ẹyọ ronú. Ogójì lórí okùn kan, 50 okùn di orí kan, ìyẹn 2,000, orí mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ó ṣeé kà, ó ṣeé pín, kò tètè bàjẹ́. Wá ro ẹni tó fẹ́ ru ọ̀kẹ́ mẹ́ta láti Iléṣà dé Ìbàdàn lọ ra ẹrù. O ti mọ ìdí tí ìwé fi sọ pé owó gbọ́dọ̀ ní "portability", ìyẹn kó rọrùn láti gbé kiri.

Òṣómàáló ti ṣe orí àwìn ṣáájú ìwé

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò gbọ́ nípa òṣómàáló rí. Àwọn bàbá wa a máa gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n á tà á láwìn, ẹni tó rà á á máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí ọjọ́ bá pé tí kò rí owó san, oníṣòwò á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn: fi ìyàtọ̀ hàn láàárín "hire purchase" àti "credit sale". Àwọn ọmọ á kọ pé owó méjèèjì ni a máa ń san díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Bi ara rẹ léèrè: kí ló dé tí òṣómàáló fi ń lóṣòó? Kí ló dé tí kò kàn gba aṣọ rẹ̀ padà? Nítorí pé láti ọjọ́ tí oníbàárà ti gba aṣọ ni aṣọ ti di tirẹ̀. Ó ti rán an, ó ti fi ṣọdún. Gbèsè nìkan ló kù láàárín wọn. Credit sale nìyẹn: ọjà di ti ẹni tó rà á lójú ẹsẹ̀, owó ló ń bọ̀ lẹ́yìn.

Hire purchase yàtọ̀. Wo ọlọ́kadà tí ẹnì kan gbé ọ̀kadà fún pé kó máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló ń gùn ún, òun ló ń ra epo sí i, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀kadà wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e fún un. Títí owó tó kẹ́yìn á fi wọlé, ọ̀kadà kì í ṣe tirẹ̀. Tó bá kùnà, wọ́n lè wá gbé e. Láti ibi kan yìí ni ìyàtọ̀ yòókù ti ń jáde, o lè fi ọgbọ́n orí yọ wọ́n láìsí pé o há wọn: ẹni tó ra ọjà ní credit sale lè tún un tà lọ́la, ẹni tó gbà á ní hire purchase kò lè tà á, nítorí èèyàn kì í ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní credit sale, ilé ẹjọ́ tàbí ẹnu ọ̀nà ni a ti ń lépa owó. Ní hire purchase, a lè lépa ọjà fúnra rẹ̀.

Òṣómàáló á tún kọ́ ọ ní ewu àwìn. Ọjọ́ tó fi lóṣòó, kò tajà lọ́jọ́ náà. Ojú owó rẹ̀ há sọ́wọ́ oníbàárà. Gbèsè tí kò bá sì wọlé mọ́ ni ìwé ń pè ní "bad debt". Fi èyí dáhùn ìbéèrè nípa àléébù àwìn, kí o sì rántí kọ àǹfààní rẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ aṣọ yẹn kì bá tí rí i rà ká ní owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Accounting: ọwọ́ ni a fi ń kà á

Mo bẹ̀ ọ́, má sùn sórí ibùsùn ka Accounting. Mú bírò, mú rúlà, jókòó sídìí tábìlì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́. Ẹni tó ka àpẹẹrẹ mẹ́wàá láìfọwọ́ ṣe é, kò tíì ka ọ̀kan.

Òfin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró kò ju ọ̀kan lọ: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú òwò, àkáúntì kan gbà, àkáúntì kan fún. Èyí tó gbà, apá òsì, dẹ́bíìtì. Èyí tó fún, apá ọ̀tún, krẹ́díìtì. Luca Pacioli, àlùfáà ará Ítálì, tẹ ìlànà yìí sínú ìwé ní Venice ní 1494, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ti ń lò ó kí ó tó kọ ọ́. Inú òwò gan-an ló ti jáde wá.

Jẹ́ ká ṣe ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Ìyá kan ṣí ìsọ̀ ìrẹsì. Ọjọ́ Ajé, ó kó ₦100,000 sínú òwò: Cash gbà, Capital fún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi owó lọ́wọ́ ra ìrẹsì ₦60,000: Purchases gbà, Cash fún. Ọjọ́rú, ó ta ₦25,000, wọ́n sanwó: Cash gbà, Sales fún. Ọjọ́bọ̀, ó ta àwìn ₦15,000 fún Ìyá Ìbejì: Ìyá Ìbejì gbà, Sales fún. Ọjọ́ Ẹtì, ó san owó ìsọ̀ ₦5,000: Rent gbà, Cash fún. Sátidé, Ìyá Ìbejì mú ₦6,000 wá: Cash gbà, Ìyá Ìbejì fún.

Wá ya T fún àkáúntì Cash. Apá òsì: 100,000, 25,000, 6,000, gbogbo rẹ̀ 131,000. Apá ọ̀tún: 60,000 àti 5,000, gbogbo rẹ̀ 65,000. Ó ku ₦66,000, iye yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ìyá náà bí a bá kà á. Ìyá Ìbejì gba 15,000, ó san 6,000, ó ku ₦9,000 lọ́rùn rẹ̀. Kó wọn lọ sí trial balance, ìyẹn ibi tí a ti ń to iye tó kù nínú àkáúntì kọ̀ọ̀kan sí apá méjì láti wò ó bóyá wọ́n dọ́gba. Dẹ́bíìtì: Cash 66,000, Purchases 60,000, Rent 5,000, Ìyá Ìbejì 9,000, àpapọ̀ 140,000. Krẹ́díìtì: Capital 100,000, Sales 40,000, àpapọ̀ 140,000. Ó dọ́gba.

Ká ní ìrẹsì tó ṣẹ́kù nínú ìsọ̀ jẹ́ ti ₦30,000. Ìrẹsì tó tà nígbà náà jẹ́ 60,000 dín 30,000, ìyẹn ₦30,000. Ó tà á ní 40,000. Èrè tí a kò tíì yọ ìnáwó kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Yọ owó ìsọ̀ kúrò, ó ku ₦5,000. Wò ó báyìí: Cash 66,000, gbèsè níta 9,000, ìrẹsì 30,000, gbogbo ohun tó ní jẹ́ 105,000. Ojú owó 100,000 pẹ̀lú èrè 5,000, 105,000 náà ni. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé ibi tí méjèèjì ti pàdé yìí, ẹ̀rù Accounting máa ń kúrò lójú rẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi kì í sì í yéé dùn.

Fi èrè ₦10,000 kan náà kọ́ mark-up àti margin, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú jù. Fi iye tí a rà á pín in, 10,000 sórí 30,000: mark-up, 33⅓ nínú ọgọ́rùn-ún. Fi iye tí a tà á pín in, 10,000 sórí 40,000: margin, 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè kò yí padà, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ló yí padà.

Tí trial balance kò bá dọ́gba, wá iye tí ó fi yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o fi nọ́ńbà kan sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà pín ìyàtọ̀ yẹn sí méjì, kí o wá iye tó bá jáde náà lójú ìwé. Tí 9 bá pín in geerege, fura pé o pa nọ́ńbà dà, bíi kí o kọ 4,500 dípò 5,400. Àmọ́ má rò pé gbogbo ohun tó dọ́gba ló tọ̀nà. Tí ìyá yẹn bá gbàgbé kọ ọjà Ọjọ́bọ̀ pátápátá, apá méjèèjì ló máa dín, trial balance á sì dọ́gba síbẹ̀. "Error of omission" nìyẹn.

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ lò

Yẹ ọdún rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì ló lè dá private company, ìyẹn iléeṣẹ́ aládàáni, sílẹ̀. Òfin CAMA (Companies and Allied Matters Act) ti 2020, tó wà fún ìdásílẹ̀ iléeṣẹ́, ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. Nigerian Stock Exchange tí ìwé ń dárúkọ, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín iléeṣẹ́ tí wọ́n sì ń tà á, ti di Nigerian Exchange, NGX, láti 2021. Bí o bá kọ ọ́, dárúkọ òfin náà pẹ̀lú ọdún rẹ̀ kí ẹni tó ń máàkì mọ ohun tí o ń sọ.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò

Commerce ti WAEC ní ìbéèrè objective 50, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí a ń kọ àlàyé sí, tí wàá ti mú ìbéèrè márùn-ún dáhùn láàárín wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú 24 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lo ogún, kí o fi ìyókù ka ìbéèrè kí o tó bẹ̀rẹ̀ kí o sì tún iṣẹ́ rẹ kà.

Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó pàṣẹ fún ọ nínú ìbéèrè. "State" ní kí o sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. "Explain" ní kí o sọ ọ́, kí o ṣàlàyé rẹ̀, kí o fi àpẹẹrẹ tì í. "Distinguish" ní kí o gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ohun kan náà, kì í ṣe kí o kọ gbogbo ti àkọ́kọ́ tán kí o tó kọ ti èkejì. Nígbà tí mo wà ní SS2, mo to iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ, ìkọ̀wé mi mọ́ tónítóní, mo sì gba márùn-ún nínú ogún, nítorí pé "explain" ni ìbéèrè wí. Mo sunkún délé. Ibi ìwé olójú mẹ́ta rẹ ti wúlò nìyí: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni kókó, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àlàyé, ohun tí o fojú rí sì ni àpẹẹrẹ.

Ní ti Accounting, fa gbogbo ìlà kí o tó kọ nọ́ńbà kankan, kọ orúkọ àkáúntì sókè, kọ ọjọ́, kọ àmì náírà. Jẹ́ kí ìṣirò rẹ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, má ṣe é sórí ìwé mìíràn tí wàá jù nù. Tí trial balance bá kọ̀ tí kò dọ́gba, má pa á rẹ́, má sì jókòó tì í. Máàkì wà fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá wà ní àyè rẹ̀. Fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kọjá sí ìbéèrè tó kàn, kí o padà wá wá nọ́ńbà tó ṣáko náà tí àkókò bá ṣẹ́kù.